Ìlẹ̀kùn Òsí àti Àga Òkèèrè

Ní ọdún 1924 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kó iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ilẹ̀ tí ń bẹ lábẹ́ àṣẹ wọn jọ síbẹ̀ kí aráyé lè wò ó. Nínú àwọn ohun tí ó ti ilẹ̀ Nàìjíríà lọ ni ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ wà, ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì tí Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́. Nígbà tí àwọn olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum rí i, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ó di ti àwọn. Ògògà kò gbà láti tà á. Nígbẹ̀yìn ó ní òun yóò fi ṣe pàṣípààrọ̀: kí wọn kan àga ọba kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọn sì mú ìlẹ̀kùn náà. Báyìí ni àga ṣe wá sí Ìkẹ́rẹ́, tí ìlẹ̀kùn sì di ará Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó wà títí di òní yìí.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bá Ògògà ìgbà náà wíjọ́. Ọba tí ó kọ owó, tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni kí wọn fi san iṣẹ́ ọwọ́, mọ iyì ohun tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ó yọ̀ǹda ìlẹ̀kùn náà, Olówè wà láàyè, kò sì kú títí di ọdún 1938. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ìrókò wà nínú oko rẹ̀, tí gbẹ́nàgbẹ́nà sì wà ní àdúgbò rẹ̀, bí ó bá fi ìlẹ̀kùn kan tọrẹ, inú ọ̀pọ̀ ni ó ti mú un. Àwa ìsinsìnyí ńkọ́? Bí ìlẹ̀kùn kan bá jáde kúrò ní ààfin wa lónìí, ta ni a ó ránṣẹ́ sí kí ó gbẹ́ òmíràn? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa gbé kálámù, pàápàá nítorí àwọn ìlú wa ní agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara, láti Òsí dé Ìlọfà, tí iṣẹ́ yìí ti fi ṣe ilé láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó sì fẹ́ máa dàbí ẹni pé wọn kò rántí mọ́.

Ẹni tí ó bá ṣí àwọn ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ lórí igi gbígbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá yóò bá orúkọ Òsí pàdé kíákíá. "Òsí-Ìlọrin" ni wọ́n ń pè é nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn, nítorí pé abẹ́ ìgbèríko Ìlọrin ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ka ìlú wọ̀nyí sí, kí a tó dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní Òsí ni Bámgbóṣé ti gbẹ́ igi, ẹni tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1920. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Dàda, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Areògún, ti kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A bí Areògún ní nǹkan bí ọdún 1880, ó sì kú ní 1954. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹni tí ó ti ara irin Ògún rí owó, tí kò sì háwọ́ sí i. Ní Odò-Ọ̀wà, ní ìhà Òkè-Ẹ̀rọ̀, Bámigbóyè dìde, ẹni tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1885, tí ó sì kú ní 1975. Nígbà tí J. D. Clarke, ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba, dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ ní Òmù-Àrán láàárín ọdún 1930 sí 1940, Bámigbóyè ni wọ́n pè kí ó wá kọ́ àwọn ọmọ ní igi gbígbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbẹ̀. Òyìnbó aláwọ̀ funfun, nígbà ìjọba amúnisìn, rí i pé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà yẹ ní kíláàsì pẹ̀lú ìwé kíkà àti ìṣirò. Mélòó nínú àwọn ilé-ìwé wa ni ó ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, lẹ́yìn tí a ti gba òmìnira láti 1960?

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń ṣe bí ó bá ti wuni. Ó ní ìlànà, ìlànà náà sì ní orúkọ ní èdè wa. Kevin Carroll, àlùfáà Àgùdà tí ó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Òsí gbé pẹ́, kọ àwọn orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ láti ẹnu Bándélé, ọmọ Areògún, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1967. Èkíní ni ọ̀nà lílé, nígbà tí a fi àáké gé igi dé ibi tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ ti hàn bí òkìtì òkìtì. Lẹ́yìn èyí ni àlétúnlé, tí a tún pín òkìtì wọ̀nyẹn sí kéékèèké, tí ojú, etí àti ìka ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Dídán tẹ̀lé e: a ó fi irin mímú àti ọ̀bẹ fá ara igi títí yóò fi jọ̀lọ̀. Fínfín ni ó gbẹ̀yìn, èyíinì ni kí a fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la irun, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọnà aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ lè lo ọdún púpọ̀ ní ìdí dídán kí ọ̀gá tó jẹ́ kí ó fi ọ̀bẹ fín ojú ère. Àwa tí a ń fi ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́, tí a sì ń kánjú tẹ ìwé jáde, ì bá dára kí a fi àlétúnlé kọ́gbọ́n.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a yà sí ìdí ìlẹ̀kùn gan-an. Ojú ìlẹ̀kùn àwọn ará Òsí a máa pín sí àpá mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èkíní lórí èkejì, gẹ́gẹ́ bí ìlà ìwé. Nínú àpá kan ẹ ó rí ẹlẹ́ṣin pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Ẹṣin kì í pẹ́ láàyè ní ilẹ̀ igbó nítorí àìsàn tí eṣinṣin ń gbé kiri. Nítorínáà ẹni tí ó ní ẹṣin ní agbára àti owó, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì rí i lára ìlẹ̀kùn mọ irú ilé tí òun fẹ́ wọ̀. Ẹ̀rù ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò tíì kúrò lára àwọn tí ó gbẹ́ ẹ: ogun Ìlọrin, ogun Ìbàdàn, àti Èkìtìparapọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Nínú àpá mìíràn obìnrin kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó gbé àwo lọ́wọ́. Ìkúnlẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ẹrú. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni, èyí tí a fi ń bẹ ọmọ aráyé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá burú tán. Ẹ ó rí àwọn obìnrin tí ń gún odó, ẹ ó rí ọdẹ pẹ̀lú ẹran, ẹ ó rí ẹkùn tí ó mú ẹranko lọ́rùn, ẹ ó sì rí Èṣù pẹ̀lú irun rẹ̀ tí ó gùn bọ́ sẹ́yìn, nítorí ibi tí ọ̀nà méjì ti pàdé ni ti Èṣù, ẹnu ọ̀nà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Lẹ́bàá gbogbo wọn, láìfọ̀rọ̀ gùn, ọkùnrin kan jókòó lórí kẹ̀kẹ́, ó sì fi ìkòkò tábà sẹ́nu. Àwọn kan tí wọn kò mọ̀ a máa rẹ́rìn-ín sí kẹ̀kẹ́ yìí, wọn a ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ba àṣà jẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ nígbà náà ni ohun tí ẹṣin jẹ́ fún àwọn baba wọn: ẹni tí ó gùn ún ti kúrò ní ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Gbẹ́nàgbẹ́nà rí ohun tuntun, ó fi ojú àtijọ́ wò ó, ó sì bá a wá àyè láàárín ẹlẹ́ṣin àti Èṣù. Ohun kan náà ni Olówè ṣe ní Ìkẹ́rẹ́. Lára ìlẹ̀kùn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn, Ọ̀gágun Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń bọ̀ wá kí Ògògà. Wọ́n gbé e lé èjìká, ó ká eékún jọ bí ẹni tí àyè há mọ́, àwọn aláàárù sì ru ẹrù tẹ̀lé e. Ní awẹ́ kejì Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, adé lórí rẹ̀, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mira. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìtàn bí Òyìnbó ṣe wọ Èkìtì sínú ìwé, Olówè ti kọ ọ́ sára igi, ó sì ti sọ èrò rẹ̀ nípa ẹni tí ó jókòó dáadáa nínú àwọn méjèèjì.

Bóyá olùkàwé wa kan yóò sọ pé àwa ni a ń fi ìtumọ̀ sínú igi tí kò ní ìtumọ̀. Kí olúwarẹ̀ jọ̀wọ́ bá wa yà sí ilẹ̀ Ṣáínà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ní igi kan tí wọ́n ń gba oje rẹ̀. Oje yìí ni wọ́n ń fi kun àga, àpótí àti tábìlì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, èkíní gbẹ kí wọ́n tó kun èkejì, títí ara igi yóò fi máa dán bí omi, tí wọn yóò sì wá fín ọnà sí i. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó irú ohun bẹ́ẹ̀ lọ sí Yúróòpù, àwọn olówó ibẹ̀ sì ń san owó gọbọi lé e lórí títí di òní. Kí ni wọ́n fín sí i? Àdán wà níbẹ̀. Ta ni nínú wa tí yóò fi àdán ṣe ọ̀ṣọ́ ilé? Ṣùgbọ́n ní èdè Ṣáínà, orúkọ àdán àti orúkọ ìbùkún dún bákan náà, ìyẹn "fú". Nítorínáà bí àdán bá pé márùn-ún lára àpótí, ìbùkún márùn-ún ni: ẹ̀mí gígùn, ọrọ̀, ìlera, ìfẹ́ sí ìwà rere, àti ikú wọ́ọ́rọ́wọ́. Èso píìṣì dúró fún ẹ̀mí gígùn. Dírágónì tí ó ní èékánná márùn-ún jẹ́ ti ọba àwọn ọba wọn.

Àwọn baba wa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwọn kí ẹnikẹ́ni tó mú un wá láti òkèèrè. Nígbà tí a ń pa àrokò, ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí ó rán an sí, nítorí ẹ̀fà ni. Ẹni tí ó fi mẹ́jọ ránṣẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ, nítorí ẹ̀jọ ni. Orin kan náà ni ti àdán. Ohun tí ó ya àwa àti àwọn ará Ṣáínà sọ́tọ̀ kì í ṣe ọgbọ́n. Wọ́n kọ ìtumọ̀ tiwọn sílẹ̀ sínú ìwé, ẹni tí ó bá sì ra àpótí wọn ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí lè wá ìtumọ̀ àdán márààrún kí ó tó san owó. Ẹni tí ó ra ìlẹ̀kùn Òsí ńkọ́? Orúkọ ẹ̀yà ni wọ́n sábà máa ń kọ sí abẹ́ rẹ̀, "Yorùbá", ó sì parí síbẹ̀. Wọn kò mọ ọba tí ó ní kí a gbẹ́ ẹ, wọn kò mọ ẹni tí ẹlẹ́ṣin orí rẹ̀ dúró fún, wọn kò sì mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ìgbàkígbà tí a bá sì mọ orúkọ náà, nítorí pé ẹnìkan jókòó ti àgbàlagbà kan tí ó sì béèrè ni. Carroll béèrè ní Òsí. Nípa ti Olówè, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ tí ó kù láàyè ni ó ki oríkì rẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ohun tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan wà lẹ́nu opó. Bí ó bá ti kú ní 1987 ńkọ́?

Ní ti Bámigbóyè ará Odò-Ọ̀wà, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ya ìpàtẹ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, láti September 2022 dé January 2023, wọ́n sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀. Inú wa dùn gidigidi, ọpẹ́ sì yẹ àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ Odò-Ọ̀wà tí ó wà ní ilé-ìwé girama lónìí, kí ni a ní láti fi hàn án? Àwọn ère Ẹ̀pà ńláńlá tí Bámigbóyè gbẹ́, tí a gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo, tí ìwúwo wọn lè ju pọ́ọ̀nù 50 lọ, tí ọkùnrin alágbára ń gbé sórí jó, tí ó sì ń fò gun òkìtì láìjẹ́ kí ó yẹ̀: àwọn díẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó, àwọn mìíràn wà ní òkèèrè. Ó ṣòro fún wa láti gbà pé ọ̀nà New Haven yá fún ọmọ Òkè-Ẹ̀rọ̀ ju ọ̀nà ilé baba rẹ̀ lọ bí ó bá fẹ́ mọ Bámigbóyè.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà nílẹ̀, a kò sì ní fò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjòyè wa àti àwọn olùkàwé wa jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kristẹni, àwọn kan sì ń sọ pé òrìṣà ni gbogbo ohun tí a gbẹ́, pé iná ni ó yẹ ẹ́. A bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Bámigbóyè tí a ń sọ yìí, Moshood ni orúkọ rẹ̀. Ní 1947 àwọn àlùfáà Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Bándélé ọmọ Areògún sì wà lára àwọn tí wọ́n pè kí wọ́n wá gbẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìjọsìn àti ère ìbí Jésù. Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, Mùsùlùmí sì ni Lámídì. Ọwọ́ kan náà tí ó gbẹ́ iṣẹ́ fún ìjọ Àgùdà ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó dúró ní gbọ̀ngàn yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ó kú ní December 2009, ayé káàkiri ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ náà ti jáde kúrò ní ojúbọ láti bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, kò sì bá ẹ̀sìn kankan jà? Ìlẹ̀kùn ààfin kì í ṣe ojúbọ. Ẹlẹ́ṣin orí rẹ̀ kò béèrè ẹbọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ mìíràn tí kì í dùn létí. Nígbà tí ìjọba Jámánì fi àwọn idẹ Bìní lé Nàìjíríà lọ́wọ́ ní 2022, tí ìjọba Holland sì dá 119 padà ní 2025, àwọn èwe wa kan bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé ìgbà wo ni ti Èkìtì yóò padà. Ọ̀ràn wa kò rí bákan náà. Ogun ni ó kó ti Bìní lọ ní 1897. A mọ ọjọ́, a mọ ẹni tí ó kó o. Ti wa, àwọn kan lọ nípa pàṣípààrọ̀ bí ti Ìkẹ́rẹ́. Àwọn kan, ọmọ ilé ni ó tà wọ́n lóru fún oníṣòwò tí ó wá pẹ̀lú mọ́tò. Àwọn kan, ìkán ni ó jẹ wọ́n nígbà tí a wó ilé àtijọ́ láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Òfin tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde láìgba àṣẹ ti wà láti 1953, a sì tún un ṣe ní 1979. Òfin kò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí onílé fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kí a tó kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ka ohun tí ó kù sí àjà tiwa.

Àti pé, kí a má tan ara wa jẹ, àwa ni a tún ń ṣe pàṣípààrọ̀ ti 1924 lójoojúmọ́, láìgba nǹkan kan tí ó tó o. Ẹ wọ ààfin tuntun mélòó kan ní ilẹ̀ Yorùbá kí ẹ wo ibi tí ọba jókòó. Àga ńlá aláwọ̀ wúrà ni, tí a rà láti òkèèrè, tí orí kìnnìún wà ní apá rẹ̀ méjèèjì, tí irú rẹ̀ gan-an sì wà ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó àti ní ilé àwọn olówó tí kì í ṣe ọba. Kìnnìún kò ṣàjèjì sí oríkì wa, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kìnnìún ti àga yẹn kò mọ ọba tí ó jókòó lé e. Ẹni tí ó kàn án kò gbọ́ orúkọ ìlú náà rí. Ẹ fi í wé òpó tí Olówè gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, èyí tí ó wà ní Chicago nísinsìnyí: ọba kékeré jókòó, olorì rẹ̀ dúró gbọingbọin lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ, ó sì gbé orí ru ilé. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ mọ ohun tí ó ń sọ nípa ẹni tí ń gbé ọba ró. Àga oníwúrà wo ni ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Kábíyèsí wa gbogbo, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ìtẹ́ àwọn baba yín ní Òsí, ní Ìlọfà, ní Odò-Ọ̀wà, ní gbogbo ilẹ̀ Òpin àti ní gbogbo Èkìtì, a wólẹ̀ kí a tó sọ èyí. Àwọn ọba ni ó bọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Areògún kò gbẹ́ ìlẹ̀kùn kí ó máa wá oníbàárà kiri. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n fún un ní igi, wọ́n bọ́ ọ títí ó fi parí iṣẹ́. Ọjọ́ tí ààfin dẹ́kun àtiránṣẹ́ ni ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ju àáké sílẹ̀, tí ó sì wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Bí ààfin kọ̀ọ̀kan ní àgbègbè méjèèjì yìí bá ní kí a gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo, ìlẹ̀kùn gidi, tí ìtàn ìlú náà wà lójú rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ yóò ní ohun tí wọn yóò fi kọ́ ọ̀nà lílé. Kò di dandan kí ẹlẹ́ṣin nìkan wà níbẹ̀. Bí Areògún bá lè gbẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹni tí ó tẹ̀lé e lè gbẹ́ ọ̀kadà, tàbí ọmọbìnrin tí ó wọ ẹ̀wù yunifásítì, tàbí àpótí ìdìbò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n tò sídìí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Ẹ wo Èsìẹ́, ìlú tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ère òkúta tí ó ju 800 lọ ni ó wà nínú igbó ibẹ̀. Láti 1933 tí àwọn àjèjì ti gbọ́ nípa wọn, a ì bá ti kó wọn pín fún ayé bí ẹran iléyá. Ṣùgbọ́n a kọ́ ilé fún wọn ní Èsìẹ́ gan-an, a sì ṣí i ní 1945, òun sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ṣáájú ti Èkó tí a ṣí ní 1957. Ìlú kékeré ni, kì í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ kankan. Ohun tí òkúta rí gbà ní Èsìẹ́, igi lè rí i gbà ní Òsí: yàrá méjì tí ìkán kò lè wọ̀, pẹ̀lú olùtọ́jú kan tí ó gbọ́ èdè àwọn àgbà. Kí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà sì bá wa tọrọ àwòrán gbogbo ìlẹ̀kùn, òpó àti ère tiwa tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀. Àwòrán kò wúwo bí ìlẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì nílò àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì láti fi í kọ́ ara ògiri.

Ẹgbẹ́ wa ti pinnu láti ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròhìn yìí lóṣooṣù fún iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akọ̀wé ìlú, bí ẹ bá ní ìlẹ̀kùn, òpó, ọpọ́n tàbí ère gbígbẹ́ kan nínú agbo ilé yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bi àgbà tí ó dàgbà jù níbẹ̀: ta ni ó gbẹ́ ẹ, láyé ọba wo, igi wo ni, kí sì ni orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan tí ó wà lójú rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́, ní èdè ìlú yín, ẹ má tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ẹ má kọ ibi tí nǹkan náà wà gan-an, nítorí àwọn olè náà ń kàwé. Kí ìwé tí a ó kọ́kọ́ tẹ̀ tó wọlé láti Òsí àti Ìlọfà, a ń fẹ́ kí ó dé ọwọ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́ kí òjò tó dá.